Ojú ni mo fi ra sípíkà gogoro àkọ́kọ́ mi, etí ni mo fi ra ìkejì

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Alẹ́ ọjọ́ kan ni, bàbá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa, a pa iná pálọ̀, a fi fíìmù sí i, sípíkà gogoro méjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà dúró gàgàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, wọ́n ń dán, inú mi ń dùn. Nígbà tí ilé kan wó nínú fíìmù yẹn, ilẹ̀ mì, àwọn gíláàsì inú kọ́bọ́ọ̀dù ń dún wìnrìn wìnrìn, mo yíjú wo bàbá bóyá wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọrùn síwájú, wọ́n ní, "Kí lọkùnrin yẹn wí?" Mo yí i sókè. Kò pẹ́ sí i ọkọ̀ kan gbiná, ariwo yẹn fẹ́ẹ̀ fa etí wa ya, mo sáré yí i wálẹ̀. Báyìí la ṣe é títí fíìmù fi parí, rímóòtù ò kúrò lọ́wọ́ mi, ká yí i sókè, ká yí i wálẹ̀, ká tún yí i sókè. Nígbà tó parí, bàbá dìde, wọ́n ní, "Àwòrán yẹn dáa o, àmọ́ mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn." Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó lé ní oṣù mẹ́jọ tí mo fi ń wo sípíkà kí n tó ra méjì yẹn. Tí ẹ bá wá bi mí pé kí gan-an ni mò ń wò, ká sọ òótọ́, gíga wọn ni mo wò, àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, 300 wáàtì. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí sípíkà ṣe lágbára tó, mo sì gbà á gbọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Wáàtì tí wọ́n kọ sára sípíkà, iye iná tó lè gbà mọ́ra kó tó bà jẹ́ ló ń sọ, kò sọ bó ṣe máa dún sókè tó, kò tiẹ̀ mọ nǹkan kan nípa bóyá á dún dáa. Sípíkà ò lágbára tara ẹ̀, rìsífà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń so gbogbo sípíkà mọ́, ló ń fún un lágbára.

Nọ́ńbà tó yẹ kí n wá, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, lẹ́tà wínníwínní, wọ́n ń pè é ní sensitivity, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dún sókè tó lórí iná díẹ̀, dB ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: 86 dB, 88 dB, 91 dB. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fún sípíkà ní iná díẹ̀, 2.83 volt, wọ́n gbé máìkì síwájú ẹ̀ ní ìwọ̀n mítà kan, wọ́n wá wo bó ṣe dún tó. Ààrin 88 sí 91 yẹn jọ nǹkan kékeré lójú, àmọ́ dB mẹ́ta péré yẹn túmọ̀ sí pé sípíkà 88 máa jẹ ìlọ́po méjì wáàtì kó tó lè dún bí ti 91. Tó bá jẹ́ dB mẹ́wàá ló wà láàárín wọn, ìlọ́po mẹ́wàá wáàtì ni. Ẹni tó ní rìsífà 100 wáàtì tó wá náwó ra ti 200 wáàtì nítorí pé ó fẹ́ kí ilé mì, dB mẹ́ta kan náà ló lọ rà yẹn, ó máa gbọ́ ìyàtọ̀ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nǹkan kan tún wà ńbẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ fojú sí. Ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. 2.83 volt yẹn, tó bá wọ sípíkà 8 ohm, wáàtì kan ni, tó bá wọ ti 4 ohm, wáàtì méjì ni. Nítorí náà sípíkà 4 ohm tí wọ́n kọ 90 dB sí, tẹ́ ẹ bá fún un ní wáàtì kan péré bíi ti èkejì, 87 ló jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ka ohm àti dB pọ̀, mi ò kí ń ka ọ̀kan ká fi ọ̀kan sílẹ̀. Ohm yẹn gan-an kì í dúró lójú kan, sípíkà tí wọ́n bá kọ 8 sí lẹ́yìn lè já wálẹ̀ sí 4 tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀ níbi báàsì, ibẹ̀ ni rìsífà tí ò bá lágbára á ti máa gbóná, á wá pa ara ẹ̀ nígbà tí fíìmù ń dùn lọ́wọ́. Ẹ tún rántí pé wáàtì tí wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ rìsífà, sípíkà méjì péré ni wọ́n so mọ́ ọn nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Tẹ́ ẹ bá so márùn-ún tàbí méje mọ́ ọn tí gbogbo wọn ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ní tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ n padà sọ́rọ̀ mi. Lọ́jọ́ kejì mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ohùn, mo rò pé wọ́n á dárúkọ sípíkà míì fún mi ni. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni, "Báwo ni pálọ̀ yín ṣe gùn tó?" Mi ò mọ̀. "Sípíkà yẹn ńkọ́, báwo ló ṣe jìnnà sí ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀?" Mo ní ó sún mọ́ ọn. "Sún mọ́ ọn báwo? Lọ mú téèpù." Mo wọ̀n ọ́n, 12 sẹ̀ǹtímítà ni, ọ̀kan tiẹ̀ wọ igun ilé lọ pátápátá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, wọ́n wá ní, "Àbúrò, o ò tíì gbọ́ ohùn sípíkà yẹn rárá, ohùn igun ilé lò ń gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Báàsì kì í lọ síwájú nìkan bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, gbogbo àyíká ló ń lọ, tó bá bá ògiri pàdé nítòsí, ògiri á dá a padà, méjèèjì á pa pọ̀, báàsì á wú. Tó bá jẹ́ igun, ògiri méjì àti ilẹ̀ ló ń dá a padà, á wá wú kọjá àlà. Sípíkà tèmi tún wá ní ihò lẹ́yìn, ihò tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde láti ran báàsì lọ́wọ́, ihò náà ń fẹ́ lu ògiri ní 12 sẹ̀ǹtímítà. Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ti báàsì kéré, ti ohùn tín-ín-rín pọ̀. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 85 Hz sí 180 Hz, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ká mọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ, ìyẹn àwọn kọ́ńsónáǹtì, òkè lọ́hùn-ún ló pọ̀ sí jù, láti nǹkan bíi 1,000 dé 4,000 Hz. Tí ìsàlẹ̀ bá wú, ó máa ń bo ohun tó wà lókè ẹ̀ mọ́lẹ̀, bí etí èèyàn ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí mò ń yí i sókè fún bàbá, ohun tó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ gan-an ni mo tún ń fi kún.

Pálọ̀ fúnra ẹ̀ náà ní ohùn tiẹ̀. Ohùn ń rin nǹkan bíi 343 mítà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Ẹ fi ìlọ́po méjì gígùn pálọ̀ yín pín in. Tèmi gùn ní mítà 5, 343 tá a fi 10 pín jẹ́ nǹkan bíi 34 Hz. Ó fẹ̀ ní mítà 4, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 43 Hz. Lórí àwọn nọ́ńbà yẹn, àti lórí ìlọ́po wọn, pálọ̀ á máa gbè é: téèyàn bá jókòó síbì kan báàsì á pọ̀, tó bá sún ìjókòó ní mítà kan báàsì á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ìjókòó wa wà lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn pátápátá, ibẹ̀ sì ni báàsì máa ń kó jọ sí jù. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé ó kan sípíkà náà. Èyí tó dáa fún gbọ̀ngàn lè ba pálọ̀ kékeré jẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ jáde, mo wá ráyè. Mo fa sípíkà méjèèjì kúrò nígun, mo lẹ téèpù funfun mọ́lẹ̀, mo fi bírò sàmì sí i ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 10. Mi ò fi fíìmù sí i, mi ò fi orin sí i, ọkùnrin kan tó ń ka ìròyìn ni mo fi sí i, ó ń kà á lọ lákàtúnkà, ọ̀rọ̀ kan náà. Mo sún sípíkà síwájú, mo lọ jókòó, mo gbọ́, mo dìde, mo tún sún un. Ní 12 yẹn, ọkùnrin náà dà bí ẹni tó gbórí sínú ìkòkò. Ní 30, ó gbórí jáde àmọ́ àyà ẹ̀ ṣì fẹ̀ jù, bíi pé èèyàn méjì ló wà nínú ẹ̀wù kan. Ní 50, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìgbà tó ń mí. Ní 65, mo gbọ́ bí ètè ẹ̀ ṣe ń là kó tó sọ̀rọ̀, ohun tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti ra sípíkà yẹn. Mo sún un dé 80, ọ̀rọ̀ ṣì mọ́ ketekete àmọ́ ohùn ẹ̀ ti fẹ́ẹ́rẹ́ jù, kò lẹ́ran lára mọ́. Mo dá a padà sí 65. Mo tún wá yí ojú méjèèjì díẹ̀ sínú kí wọ́n kọjú sí ìjókòó, ohùn ọkùnrin yẹn kúrò lára sípíkà, ó lọ dúró sí àárín tẹlifíṣàn níbi tí ò ti sí sípíkà kankan. Mo pariwo, èmi nìkan nínú pálọ̀.

Ẹ má kàn lọ gbé tiyín sí 65 o, pálọ̀ wa ò rí bákan náà. Kò síbi tí ò ní àléébù tiẹ̀. Tí ojú sípíkà bá jìnnà sí ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ní mítà kan, ohùn tó lọ lu ògiri tó padà wá á bá èyí tó ń jáde jà ní nǹkan bíi 86 Hz, wọ́n á pa ara wọn, ihò á wà nínú ohùn ńbẹ̀. Tó bá jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, ihò yẹn á sún lọ sí 143 Hz. Kò sí bí a ṣe máa sá fún gbogbo ẹ̀, ẹ kàn wá ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti mọ́ jù létí yín. Fún bí sípíkà iwájú ṣe máa yàgò síra, láti ìjókòó yín, Dolby, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ètò ohùn fíìmù, sọ pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láàárín digírì 22 sí 30 sí àárín. Mo fi òwú wọn tèmi, ó jẹ́ 27.

Kò wá tán síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́ ju tàtijọ́ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ṣì ń dà mí láàmú. Àkọ́kọ́, tí mo bá fi ìka kan ara àpótí sípíkà yẹn kọ́ kọ́ kọ́, ó ń dún bí ìlù, ó yẹ kó dún pọ́ kúkurú bíi ti igi tó nípọn. Tí àpótí bá ń gbọ̀n, òun náà ti di sípíkà nìyẹn, á máa dá sí ọ̀rọ̀ tí wọn ò pè é sí. Gíga ni wọ́n náwó lé, igi inú ẹ̀ tín-ín-rín. Ìkejì, tí mo bá jókòó sí àárín ó dáa, àmọ́ níbi tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohùn máa ń yàtọ̀, ó máa ń le, ọ̀rọ̀ máa ń ya etí. Mo tà wọ́n, mo sọ gbogbo àléébù wọn fún ẹni tó rà á, mo wá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi ara mi ni pé kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ kí sípíkà gogoro bá mi ṣe? Ọ̀pọ̀ wa, báàsì ló wà lọ́kàn wa. Ṣùgbọ́n nínú sinimá ilé, iṣẹ́ báàsì ìsàlẹ̀ kì í ṣe ti sípíkà gogoro, iṣẹ́ subwoofer ni, ìyẹn sípíkà tí wọ́n ṣe fún báàsì nìkan. Rìsífà ló máa ń pín in. THX, àwọn tó ń fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún ohùn sinimá, ti mú 80 Hz gẹ́gẹ́ bí ibi ìpín láti ọjọ́ pípẹ́, ohun tó bá wà lábẹ́ 80 á lọ sí subwoofer, ohun tó bá wà lókè á lọ sí sípíkà, torí pé lábẹ́ ibẹ̀ etí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ohùn ti ń wá. Ìgbì ohùn 80 Hz kan ṣoṣo gùn ju mítà 4 lọ, ẹ wo bí pálọ̀ ṣe fẹ̀ ná.

Ọ̀pọ̀ rìsífà tó bá rí sípíkà gogoro á fúnra ẹ̀ yàn án sí "Large", ìyẹn ni pé á rọ gbogbo báàsì lé e lórí. Ẹ wọ inú sẹ́tìn-ín-gì, ẹ yí i sí "Small", ẹ gbé ìpín sí 80. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn kó náwó ra nǹkan ńlá kí wọ́n wá pè é ní kékeré, ó dun èmi náà, àmọ́ orúkọ lásán ni. Sípíkà tí wọ́n bá ti gba ẹrù ìsàlẹ̀ lórí ẹ̀ máa mí, kóònù ẹ̀, ìyẹn awọ róbótó tó ń gbọ̀n níwájú ẹ̀, ò ní máa sáré síwá sẹ́yìn, ohùn àárín á mọ́, rìsífà náà á sinmi.

Ẹ lè wá bi mí pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe kí èèyàn ra sípíkà kékeré tó ń jókòó lórí ìdúró, kó wá fi owó tó kù ra subwoofer tó dáa? Fún pálọ̀ kékeré, bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́, tí ìjókòó yín ò bá ju mítà méjì àbọ̀ sí tẹlifíṣàn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní kábàámọ̀. Ibi tí gogoro ti ń gba iyì tiẹ̀ ni tí pálọ̀ bá fẹ̀, tí ìjókòó bá jìnnà. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe fíìmù fi ń tò ó ni pé sípíkà kọ̀ọ̀kan lè dé 105 dB níbi tí ohùn bá ti ga jù, subwoofer 115, lórí ìjókòó èèyàn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ò ní gbé e dé ibẹ̀ láyé nínú ilé, etí náà ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ dá a dúró ní dB mẹ́wàá sísàlẹ̀ ìyẹn, sípíkà tó ní kóònù méjì tàbí mẹ́ta máa gbé e láì làágùn, nígbà tí kékeré á ti máa pariwo bí ẹni tí wọ́n dì lọ́rùn. Àlàáfíà tó wà nínú ohùn tí ò tiraka, ìyẹn gan-an ni mo ń ra sípíkà gogoro fún báyìí. Ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ á dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìbọn á dún bí ìbọn, kò sí nǹkan tó máa gbọ̀n.

Sípíkà àárín wá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe nǹkan àfikún. Nínú fíìmù tí wọ́n to ohùn ẹ̀ sí 5.1, ìyẹn sípíkà márùn-ún àti subwoofer kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù ti ń jáde. Mo ti rí ẹni tó náwó tabua sórí gogoro méjì tó wá fi sípíkà kékeré kan tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ sí àárín, ìyẹn dà bíi ká rán aṣọ ńlá ká wá gbàgbé ọrùn ẹ̀. Ìdílé kan náà ni kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá, tuwítà kan náà, ìyẹn sípíkà kékeré inú ẹ̀ tó ń gbé ohùn tín-ín-rín, tó bá ṣeé ṣe, nítorí tí ọkọ̀ bá kọjá láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún, kó má lọ yí ohùn padà láàárín. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe to kóònù inú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ sípíkà àárín, kóònù méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tuwítà wà láàárín. Ẹni tó jókòó gán-an síwájú ẹ̀ á gbádùn ẹ̀, àmọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kóònù kan sún mọ́ ọn ju èkejì lọ, ohùn wọn á dé létí ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sì máa pa ara wọn lára. Èyí tí wọ́n fi tuwítà lé kóònù kékeré lórí, tí kóònù ńlá méjì wá wà lápá òsì àti ọ̀tún, ó sábà máa ń dáa jù fún ilé tí èèyàn pọ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni kan tàbí méjì péré tó ń jókòó sí àárín gán-an, tí owó ò tíì tó, ẹ fi àárín sílẹ̀ ná, gogoro méjì tó dáa á gbé ọ̀rọ̀ síbẹ̀ fún yín, ẹ kàn sọ fún rìsífà pé kò sí sípíkà àárín.

Ní ti yíyàn gan-an: gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bí sípíkà ṣe rí náà nìyẹn, gbogbo wọn ló ń dán. Ìwádìí tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ti Floyd Toole, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní National Research Council ti ilẹ̀ Kánádà kó tó lọ sí ilé iṣẹ́ Harman. Wọ́n fi aṣọ bo sípíkà, èèyàn ò rí i, wọ́n kàn ń gbọ́ ọ ni. Ohun tó jáde ni pé tí ojú ò bá rí i, èrò àwọn èèyàn máa ń fẹ́ẹ̀ jọra: sípíkà tí ohùn iwájú ẹ̀ bá tẹ́jú, tí ohùn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde sì ń lọ sílẹ̀ ní mẹ̀lọ̀mẹ̀lọ̀ láìfò, òun ni wọ́n máa ń fẹ́. Ní 1994, òun àti Sean Olive jẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ sípíkà kan náà lẹ́ẹ̀kan láìrí i, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ojú, nígbà tí wọ́n rí i, ìdájọ́ wọn yí padà. Mo kà á, mo rántí gàgàrà méjì tèmi.

Láti inú irú ìwádìí yẹn ni àwòrán ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní CTA-2034 ti wá. Ó máa ń fi ohùn iwájú, ohùn ẹ̀gbẹ́ àti gbogbo ohùn tó ń jáde hàn lórí ìwé kan. Kò le láti kà: ẹ wo ìlà òkè, ṣé ó tẹ́jú àbí ó ń lọ sókè sódò bí òkè àti àfonífojì, ẹ wá wo àwọn ìlà ìsàlẹ̀, ṣé wọ́n ń tẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n bá ti yapa lójijì, pàápàá níbi tí kóònù ti ń gbé ohùn lé tuwítà lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ohùn líle tó ń bá ìyàwó mi lórí ìjókòó ẹ̀ ti ń wá. Gbogbo ìgbà tí mo fi rò pé òun ni kò mọ ohùn, òun gan-an ló gbọ́ ọ dáadáa.

Lẹ́yìn àwòrán, etí ló kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ gbọ́ sípíkà, ẹ mú ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ dunjú dání, kó má jẹ́ èyí tí ẹni tó ń tà á bá yàn fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sí i. Èmi máa ń fi ẹni tó ń sọ Yorùbá sí i, torí mo mọ bó ṣe yẹ kó dún láìronú, mo wá ń tẹ́tí sí "s" àti "ṣ". Tí "sá" àti "ṣá" bá jọra wọn, tuwítà ò ríran. Tí "s" bá ń gún létí bí abẹ́rẹ́, ó ti pọ̀ jù, ẹ ò ní lè fi wo fíìmù wákàtí méjì kí orí má fọ́ yín. Ẹ yí i wálẹ̀ gan-an títí á fi dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Sípíkà tó dáa kì í nílò ariwo kó tó sọ òótọ́. Ẹ dìde, ẹ lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kan àpótí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fi méjì wéra, kí wọ́n dún sókè bákan náà, torí èyí tó bá fi díẹ̀ dún jù, etí á pè é lẹ́ni tó dáa jù, mo ti ṣubú sínú kòtò yẹn rí.

Èyí tó kù ò pọ̀. Tuwítà kó wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n etí ẹni tó jókòó, ìyẹn 90 sí 100 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀. Wáyà tó nípọn díẹ̀ ti tó, ẹ kàn rí i pé pupa wọ pupa, dúdú wọ dúdú, torí tí ọ̀kan bá yí, báàsì á pòórá, ọ̀rọ̀ á sì máa rìn káàkiri orí yín. Tẹ́ ẹ bá lọ́mọ kékeré nílé, ẹ wo ẹsẹ̀ sípíkà kẹ́ ẹ tó wo nǹkan míì, nǹkan gíga tín-ín-rín tó wúwo máa ń ṣubú, ọmọ á sì fẹ́ dì í mú. Máìkì tó bá rìsífà wá láti fi wọn ohùn pálọ̀, ẹ lò ó, àmọ́ ẹ gbé sípíkà sáàyè ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó, ihò tí ògiri bá gbẹ́, kò sí wáàtì tó lè dí i.

Èyí tí mo padà rà kò ga tó tàkọ́kọ́, 96 sẹ̀ǹtímítà ni, kóònù àárín ẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, 89 dB, ihò ẹ̀ wà níwájú. Téèyàn bá wọlé kò ní kọ́kọ́ rí i. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó rí ibi tí mo máa gbé e sí, téèpù funfun yẹn ṣì wà nílẹ̀ títí di òní, ìyàwó mi ní kí n má yọ ọ́. A sún ìjókòó kúrò lára ògiri ẹ̀yìn ní nǹkan bíi mítà kan.

Bàbá padà wá. Mo fi fíìmù yẹn kan náà sí i, mi ò sọ nǹkan kan fún wọn. Ilé wó, ilẹ̀ mì díẹ̀, wọn ò yí ojú. Ní ìdajì fíìmù obìnrin kan kẹ̀yìn sí ọkọ ẹ̀, ó sọ nǹkan kan sábẹ́ ètè, bàbá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tó sọ?" Èmi fúnra mi ò mọ̀ pé ó sọ nǹkan kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títí tó fi parí, orí tábìlì ni rímóòtù wà.